Ìka Kan Tó Kù fún Alhaji Mutolib

Lọ́jọ́ Alàmísì ni Mojeed mú ọ̀rọ̀ náà wọlé. Ó jókòó sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìkòsì, ó ṣí fìlà kúrò lórí, ó gbé e lé orúnkún, ó sì sọ fún Màríyámọ̀, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, pé kó má lọ ta tòmátì ní Mile 12 lọ́jọ́ Sátidé.

"Lọ́yà ń bọ̀ tí a bá ti kírun Àílà tán," ó ní. "Ilẹ̀ Ìṣẹ́rí Olówóòrá la fẹ́ parí. Alhaji ti sọ fún mi pé kí n tà á, kí àìsàn yìí tó dé. Ìwé ló kù. A ó kàn mú àtàǹpàkò wọn, a ó tì í bọ yíǹkì, a ó tẹ̀ ẹ́ síwèé. Ó parí nìyẹn."

Ajarat, ọmọbìnrin Alhaji, dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú abọ́ omi tí ó fẹ́ fi nu ara bàbá rẹ̀. Omi náà dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀.

"Uncle, ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí Daddy sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi tí wọ́n sọ ọ́ fún ńkọ́?" Mojeed kò gbójú sókè. "Ajarat, má bá mi jà. Owó ilẹ̀ yẹn la fẹ́ fi gbé wọn lọ sí India. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sùn síbẹ̀ báyìí títí?"

Ọ̀sẹ̀ méje ni Màríyámọ̀ ti ń yí ọkọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì kí ara rẹ̀ má bàa bó, ojú rẹ̀ sì ti wọ inú. Nígbà tí Mojeed lọ tán, ó ní, "Bí wọ́n bá tà á tí Alhaji fi dìde, kí ló burú níbẹ̀?"

Ajarat kò lè sọ ohun tó burú níbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, bàbá rẹ̀ mú un lọ sórí ilẹ̀ náà. Alhaji Mutolib ti bá ìjọba wọn ilẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì lè rìn lórí ilẹ̀ kankan láìfi okùn ìwọnlẹ̀ sápò. Ó wọ̀n ọ́n níwájú ọmọ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Wò ó dáadáa." Kò sọ pé òun fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni Ajarat ti ń rí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan lórí ilẹ̀ yẹn lójú ara rẹ̀, tó ti kun ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, tó ti to tábìlì sí i. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà kan ní Ketu ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ibẹ̀ há débi pé tí oníbàárà méjì bá dé pọ̀, ọ̀kan á dúró sí títì.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló gbé Alhaji ṣánlẹ̀ ní balùwẹ̀. Apá kò gbé mọ́, ẹsẹ̀ kò gbé mọ́, ohùn sì lọ pátápátá. Dókítà ní òun kò lè fi gbogbo ẹnu sọ bóyá ó ń gbọ́ ohun tí a ń sọ. Àwọn àbẹ̀wò a máa dúró ti ibùsùn rẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lè dáhùn ni Rasheedat, ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti kú, tó ń gbọ́únjẹ fún ìdílé kan ní Magodo. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń wá bá wọn wẹ̀ ẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Ajarat ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó kó gbogbo ohun tí ènìyàn fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ sínú àpò, ó sì gbé e wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé kọ̀ǹpútà wá fún un tí wọ́n ní ó ti kú, tó jẹ́ pé kíbọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Inú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kò kàn sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọ ibẹ̀ ni.

Maikirofóònù ló kọ́kọ́ gbé sí i lẹ́nu. Awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí atẹ́gùn ohùn ń mì, kọ̀ǹpútà á wá sọ mímì náà di ọ̀rọ̀. Ohùn tó ti ọ̀fun Alhaji jáde kò ju ìkérora lọ. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú.

Ó gbé kámẹ́rà síwájú rẹ̀ kó lè máa tẹ̀lé ibi tí ẹyinjú rẹ̀ ń wò. Ìpéǹpéjú òsì ti wọ́ sílẹ̀, àmì tó yẹ kó máa tẹ̀lé ojú rẹ̀ ń sáré kiri etí ojú kọ̀ǹpútà bí eṣinṣin.

Ó gbé fóònù olójú gíláàsì sábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Iná mànàmáná díẹ̀ tó wà nínú awọ ara ènìyàn ni gíláàsì yẹn ń mọ̀ lára, ṣùgbọ́n gbogbo àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà ló sùn lé e, fóònù kò mọ èyí tó jẹ́ ìka àti èyí tó jẹ́ ọwọ́. Ó gbé kíbọ́ọ̀dù. Bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan ní rọ́bà kékeré lábẹ́, tí a bá tẹ̀ ẹ́, á pa ìlà iná méjì pọ̀, nọ́ńbà tó dúró fún lẹ́tà náà á gba inú wáyà lọ. Alhaji kò lè gbé ọwọ́ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.

Máòsì ló kù. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ lé e. Lábẹ́ máòsì ni iná pupa kan wà pẹ̀lú ojú kékeré tó ń wo tábìlì láìsinmi, kó lè mọ ibi tí a ń fà á lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fà á? Ajarat dúró, ó wò ó títí. Ó na ọwọ́ láti mú máòsì náà kúrò.

*Tẹ́.*

Ó dúró bí igi. Ìka àárín bàbá rẹ̀ ló wà lórí bọ́tìnì.

"Daddy? Ẹ̀yin lẹ ṣe yẹn?"

Kò sí nǹkan kan. Fáànù ń yí lókè. Ọlọ́kadà kan kọjá níta, ariwo rẹ̀ jìnnà lọ.

*Tẹ́.*

"Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ mi, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

*Tẹ́.* Ó ka èyí. *Tẹ́.* Lẹ́yìn náà ni ìdákẹ́jẹ́ gùn débi tó fi rò pé ó tán. Ó rí i bí òógùn ṣe ń yọ níwájú orí bàbá rẹ̀. *Tẹ́.*

Ó kígbe pe ìyá rẹ̀. Màríyámọ̀ sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ fún un, kò gbà á gbọ́. Ó kúnlẹ̀ ti ibùsùn.

"Alhaji, ṣé ẹ ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí?"

*Tẹ́.*

Obìnrin náà fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bo ẹnu. Ajarat mọ ohun tó ń rántí. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ni ènìyàn ti sọ nínú yàrá yẹn ní ọ̀sẹ̀ méje, ìyá rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀, lọ́jọ́ tó rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì náà le jù, tí Alhaji bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìka rẹ̀ a rọ. Ajarat gé ọwọ́ ṣíbí oníike kan, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́tìnì kó lè yọ gùn síwájú, kí agbára díẹ̀ lè tó o. Ó wá ètò kan gbé sórí láptọ́ọ̀pù tó máa ń to lẹ́tà sí ìlà ìlà. Iná á máa tàn lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, yóò máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, iná á dúró lórí ìlà náà, á wá máa tàn lórí lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Tí o bá tún tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà yẹn di tìrẹ. Lẹ́tà òyìnbó lásán ni, kò ní àmì ohùn, kò ní àmì abẹ́. Ajarat rí i, ṣùgbọ́n kò sí àkókò láti wá òmíràn.

Ní àárọ̀ Sátidé, Alhaji fi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá kọ MUTOLI, ó sì sùn lọ kó tó dé B.

Wọ́n dé ní aago méjì kọjá díẹ̀. Mojeed ló ṣáájú, ó mú páádì yíǹkì dání nínú ọ̀rá. Lọ́yà tẹ̀lé e, obìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Barrister Testimony, ó gbá fáìlì mọ́ra. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí Màríyámọ̀, ó wá rí láptọ́ọ̀pù lórí àpótí tí wọ́n gbé ti ibùsùn.

"Kí lèyí?"

"Ohun tí Daddy fi ń sọ̀rọ̀ ni, Aunty," Ajarat dáhùn. "Wọ́n ń gbọ́ wa. Ẹ bi wọ́n fúnra yín."

Mojeed rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Iṣan ló ń fò lọ́wọ́ wọn. Dókítà ti sọ ọ́. Lọ́yà, ẹ jẹ́ ká ṣe ohun tí a bá wá."

Lọ́yà náà tẹ̀ síwájú. "Alhaji, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Orúkọ mi ni Testimony. Tí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

Ìka náà sọ̀kalẹ̀. Gbogbo wọn wo ojú láptọ́ọ̀pù, níbi tí ètò náà ti ń ka iye ìgbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì. Nígbà tí ìka dúró, nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ jẹ́ márùn-ún.

"Ẹ ò rí i?" Mojeed ti ń ṣí páádì. "Márùn-ún! Mo ní iṣan ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n tẹ̀ ẹ́!" Ajarat pariwo. "Mo kà á!"

"Kọ̀ǹpútà tìrẹ ló ń sọ márùn-ún, èmi kọ́."

Mojeed lọ sí apá òsì ibùsùn, ó gbá àtàǹpàkò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó tì í bọ yíǹkì. Nígbà tó yọ ọ́ síta, ó ti dúdú. Ojú Alhaji là kalẹ̀, ó ń wo òrùlé. Ìyá Ajarat dìde, ó tún jókòó, ó tún dìde.

Ajarat tẹ bọ́tìnì náà fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kọ̀ǹpútà ka méjì. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Méjì. Awẹ́ irin tín-ín-rín kan ló wà nínú bọ́tìnì máòsì, òun ló ń dún tẹ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn oníbàárà ti ń tẹ máòsì yẹn ní ṣọ́ọ̀bù. Irin náà ti gbó, ó ń fò, ó ń sọ ọ̀kan di méjì.

Kò sí máòsì mìíràn nínú ilé. Ketu kò jìnnà, ṣùgbọ́n kó tó lọ kó tó dé, àtàǹpàkò yẹn á ti wà lórí ìwé.

"Aunty, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Kò sí ìṣẹ́jú kankan," Mojeed sọ. "Lọ́yà, ẹ mú ìwé wá."

Barrister Testimony wo àtàǹpàkò dúdú tí Mojeed gbá mú. Ó gbá fáìlì mọ́ra síwájú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni Mojeed, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Bó bá ṣeé ṣe ká bi wọ́n léèrè, mi ò lè jẹ́rìí sí ọwọ́ tí ẹlòmíì dì mú. Ìṣẹ́jú márùn-ún."

Bọ́tìnì méjì ni máòsì ní. Ti òsì ni gbogbo ayé ń tẹ̀, ti ọ̀tún kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, irin tirẹ̀ ṣì le. Ajarat fa ọwọ́ ṣíbí náà ya kúrò lára ti òsì, èékánná rẹ̀ kán, kò dúró wò ó. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ọ̀tún, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kí gọ́ọ̀mù lè mú. Ó wọ inú ètò kọ̀ǹpútà, ó pàṣẹ fún un pé ti ọ̀tún ni kó máa gbọ́ bí ẹni pé ti òsì ni. Mojeed ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú yàrá. Ajarat gbé ìka bàbá rẹ̀ padà sórí ṣíbí.

"Ẹ tún bi wọ́n, Aunty."

"Alhaji, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí, sà."

Ọ̀kan. Méjì. Mẹ́ta. Ìka náà dúró, ó gbọ̀n, ó lọ sílẹ̀. Mẹ́rin. Nọ́ńbà náà kò kọjá ibẹ̀.

Mojeed jókòó lójijì, bí ẹni tí wọ́n gbá lẹ́sẹ̀.

"Ó dáa," lọ́yà náà sọ, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Alhaji, kí ni ẹ fẹ́ ká ṣe sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Ìṣẹ́rí?"

Iná bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. E ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni M, àti A. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ kọjá kí T tó jáde. Nígbà tí A kejì jáde, ìka náà dúró, ó ń sinmi.

E MA TA.

"Alihamudulilai!" Mojeed fò dìde. "Ẹ máa tà! Ẹ máa tà á! Mo ní wọ́n ti fẹnu wọn sọ ọ́ fún mi, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ẹ má tà ni!" Màríyámọ̀ náà ti dìde. "Ẹ má tà á! Ṣé o ò lè kàwé ni?"

"Ìyàwó wa, níbo ni àmì tí ẹ fi mọ̀ ọ́n wà?"

Kò sí àmì níbẹ̀ lóòótọ́. Bí ènìyàn bá sì fi A kan ṣoṣo kọ "máa", ọ̀rọ̀ méjèèjì jọ ara wọn délẹ̀. Àwọn méjèèjì dojú kọ ara wọn láàárín yàrá, wọ́n ń pariwo, lọ́yà sì ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fara balẹ̀. Ó gbé ohùn sókè bó ṣe ń fi ara rẹ̀ là wọ́n: "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí i kó lè yé wa!"

Ajarat nìkan ló ń wo iná.

T. Lẹ́yìn náà I. TI. Ti ta ni? A, tí orúkọ tirẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀, ni lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ìlà àkọ́kọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ kàn tí iná bá padà sókè. Iná padà sókè. Ó tàn lórí ìlà àkọ́kọ́. Ó dúró níbẹ̀, ó dúró níbẹ̀.

Ìka kò mì. Iná sọ̀kalẹ̀.

Ìlà kejì, ìlà kẹta. Ní ìlà kẹrin ni ó dún tẹ́. P. Q. R.

*Tẹ́.*

TI R.

Ajarat kò nílò kó parí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà létí láptọ́ọ̀pù, ibi tí bọ́tìnì ìpàrẹ́ wà. Ó kàn lè tẹ̀ ẹ́. Ó lè sọ pé máòsì ló tún ń fò, gbogbo wọn ló ti rí i tó ń fò, kò sẹ́ni tí yóò jiyàn. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì náà gan-an. Ó gbójú sókè.

Bàbá rẹ̀ kò wo òrùlé mọ́. Òun ló ń wò.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó gbé e pa mọ́ sábẹ́ itan.

"Ẹ dákẹ́!" ó pariwo. "Ẹ dákẹ́, wọn ò tíì parí."

Nígbà tí H jáde, Mojeed ti rọra padà sórí àga. Kò tún dúró de èyí tó kù.

"Sẹ̀kínátù," ó sọ jẹ́jẹ́. Àbúrò wọn obìnrin nìyẹn, ìyá Rasheedat. "Bàbá wa ló yà á sọ́tọ̀ fún un. Ọmọdé ni nígbà yẹn, ni wọ́n ṣe kọ orúkọ Alhaji síwèé." Ó fi fìlà nu ojú. "Ó ti pẹ́ gan-an. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé ni."

"O mọ̀?" Màríyámọ̀ béèrè. "Mojeed, o mọ̀, o sì gbé yíǹkì wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kú lọ lójú mi! Kí ni kí n tà? Ara mi?"

RASHEEDAT ti pé lórí kọ̀ǹpútà. Lọ́yà náà sún mọ́ ibùsùn, ó ní kí Alhaji tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀mejì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó béèrè bóyá Rasheedat ló ni ilẹ̀ Ìṣẹ́rí. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó béèrè bóyá kí wọ́n tà á. Ẹ̀ẹ̀mejì, èkejì sì pẹ́ kó tó dún. Ó ti fáìlì rẹ̀, ó kí gbogbo ilé, ó lọ.

Ajarat jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó dojú dé. Inú bí i sí bàbá rẹ̀, ojú sì tì í pé inú ń bí i. Kí ló wá dé tó fi ní kó wò ó dáadáa lọ́jọ́ yẹn? Bóyá ilẹ̀ lásán ló fẹ́ kó rí. Bóyá bí ó ṣe máa ń rí fún gbogbo ẹni tó fi ilẹ̀ wíwọ̀n jẹun ni.

Rasheedat dé láti Magodo ní ọjọ́ kejì, bó ti máa ń ṣe. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó sunkún, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Alhaji, ó sì ní kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tì ná, kí wọ́n bu omi gbígbóná wá. Nígbà tó yá, ó fi apá kan ilẹ̀ náà rẹ́ǹtì fún oníbúlọ́ọ̀kù kan, owó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń san ẹni tó ń wá na apá àti ẹsẹ̀ Alhaji lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. India kò wáyé. Oṣù kan gbáko ni Mojeed fi sá fún ilé náà. Lọ́jọ́ tó padà wá, ó gbé ọsàn dání, ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí àwọn méjèèjì bá ara wọn sọ, Ajarat kò béèrè, nítorí ó rí i pé Mojeed ti pa ojú kọ̀ǹpútà dé kó tó jáde.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé yẹn, Ajarat pẹ́ lórí apẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wá pè é pé bàbá rẹ̀ ti ń kọ nǹkan láti ìgbà tí lọ́yà ti lọ, pé òun kò mọ ohun tó ń wí. Ó wọlé. Yíǹkì ṣì wà lọ́wọ́ òsì Alhaji. Lójú láptọ́ọ̀pù, ó ti kọ ọ̀rọ̀ méjì sílẹ̀ fún un: INA FALE.

Ajarat kà á, ó tún un kà. Iná yìí falẹ̀. Ẹ̀rín gbé e kó tó mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ṣí ètò náà, ó sì mú kí iná náà yára díẹ̀ sí i.